Àtẹ́lẹwọ́ Tó Purọ́

Yìnyín náà ti yọ́ tán lọ́wọ́ Ibíwùmí kí akéde tó kan ilẹ̀kùn. Kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ nígbà tí Olóyè Akínpẹ̀lú jù ú sínú igbá omi rẹ̀. Kàkà kí ó mu omi náà bí àlejò gidi, kí ó dúpẹ́, kí ó gbé igbá sílẹ̀, ńṣe ni ìyá àgbàlagbà yìí tọwọ́ bọ igbá, ó mú yìnyín jáde, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó sì di ojú. Ó ta á lọ́wọ́, ó dùn mọ́ ọn, ó tún ta á. Nígbà tó ku bíńtín, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó sì lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó jí oyin.

"Ẹ rọra o, Ìyá," ni Olóyè wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Háà! Àlejò kì í bèèrè ibi tí omi ti wá. Ó ń mu ún ni."

Ibíwùmí kò bèèrè mọ́. Ó mọ òfin ju ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, nítorí ẹnu rẹ̀ ni àwọn ọmọdé Òkè-Ìtutù ti ń kọ́ ọ: ẹni tó bá ṣe yìnyín, Pápá nínú oòrùn, ẹni tó bá lá a, aṣọ dúdú lọ́wọ́ títí ikú. Kò tíì pààrọ̀ eyín nígbà tó fojú kan yìnyín gbẹ̀yìn, ìyẹn kí àwọn òbí wọn tó sá kúrò lójú oòrùn, tí wọ́n gbẹ́ inú àpáta, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ ní ilé tó fara ti ilé, ogiri kan fún ìdílé méjì. Ó ti gbàgbé pé nǹkan lè tutù tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Àtẹ́lẹwọ́!" Ohùn akéde ni, ní ìta. "Ogiri ń dúró dè yín o! Gbogbo èèyàn ti pé sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Dúró!"

Ó dìde wàràwàrà, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì tì í sábẹ́ ìborùn. Ọwọ́ náà ti kú. Kò mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n ń nu òun mọ́.

Ẹjọ́ ọjọ́ náà kò le. Olóyè Akínpẹ̀lú ló mú ẹ̀sùn wá pé ogiri yàrá òun ti ń gbóná láti bí oṣù kan, pé aládùúgbò òun, Ìyá Dúró tó ń hun ẹní, ní láti máa dá iná ní ìkọ̀kọ̀, tí ooru iná náà sì ń gba inú ogiri wọlé tọ òun. Ní òwúrọ̀ yẹn, Ibíwùmí ti gbé ọwọ́ lé ogiri náà láti ọ̀dọ̀ Olóyè. Ó gbóná lóòótọ́. Ó wá ku kí ó gbé ọwọ́ lé òdìkejì rẹ̀, lọ́dọ̀ Ìyá Dúró. Bí ibẹ̀ bá gbóná ju ibí lọ, a jẹ́ pé ibẹ̀ ni ooru ti ń wá, nítorí ibi tí ooru bá pọ̀ sí ló ti ń lọ síbi tó kéré sí. Kì í yí i padà, ì báà jẹ́ fún olóyè.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn kò lo òṣùwọ̀n ooru. Wọ́n lò ó nígbà kan. Ẹni tó lówó ń ra òṣùwọ̀n tó ń sọ ohun tó fẹ́, tálákà sì ń lọ sí Pápá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ìlú, wọ́n fọ́ gbogbo òṣùwọ̀n mọ́ ojú àpáta, wọ́n mú obìnrin kan, wọ́n pè é ní Ìyá Àtẹ́lẹwọ́, wọ́n mú un búra pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní í purọ́. Ibíwùmí ni ìkẹta irú rẹ̀.

Àwọn èèyàn pín sí méjì fún un lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Dúró. Akéde ti gbé ìkòkò ìgbàgbé kalẹ̀. Omi lásán ni, omi tó ti wà lójúde láti òwúrọ̀, tí kò gbóná tí kò tutù. Ìyá Àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ọwọ́ yóò fi gbàgbé ibi tó ti ń bọ̀, akéde yóò sì di ọrùn ọwọ́ náà mú kí ó lè jẹ́rìí pé ó ti gbàgbé. Ọmọlúàbí ọkùnrin ni akéde yìí, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ de Ìyá.

Ibíwùmí wo ọwọ́ akéde. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá fọwọ́ kan òun pẹ́nrẹ́n, yóò fò sókè. Kò sí ohun tó tutù báyìí ní gbogbo Òkè-Ìtutù àfi ohun tí òfin kọ̀. Ojú tì í títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Mo ti ṣe é lọ́dọ̀ Olóyè," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká má fi ọjọ́ ṣòfò."

Kì í ṣe irọ́, bí a bá ń wá ọ̀nà láti dá a láre. Ó ti ṣe é lóòótọ́, ní òwúrọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ogiri àkọ́kọ́. Akéde tẹrí ba, ó gbé ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ni yóò bá Ìyá Àtẹ́lẹwọ́ jiyàn?

Inú ilé náà mọ́, ó sì kéré. Ẹní tí wọn kò tíì hun tán wà nílẹ̀. Bàbá ọkọ Ìyá Dúró jókòó sórí èyí tí wọ́n ti hun tán, arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó wọlé bí ẹni pé àlejò ayẹyẹ ni wọ́n. Ìyá Dúró fúnra rẹ̀ dúró sí igun. Opó ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Dúró ọmọ rẹ̀ ti lọ́kọ sí àwọn ìlú inú omi, kò sì sí ẹni tó kù nílé àfi òun àti Bàbá.

Ibíwùmí yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ ìborùn, ó gbé e lé ogiri.

Ogiri náà jó o bí ìdí ìkòkò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ogiri Olóyè kò tó èyí, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Inú bí i sí Ìyá Dúró, obìnrin tó ń ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́ tó sì ń dáná sun aládùúgbò.

"Ó gbóná," ó wí. "Ó gbóná ju ti ọ̀hún lọ."

Ẹyin lohùn. Àwọn tó wà níta hó yèè.

"Ẹ tún ọwọ́ gbé lé e, Ìyá," Ìyá Dúró bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé. Ẹní ni mò ń hun. Kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe? Gààrí la mu lánàá, gààrí la mu lónìí. Ẹ wo inú ilé, bóyá ẹ rí eérú!"

"Àtẹ́lẹwọ́ kì í tún ọ̀rọ̀ sọ," ni akéde wí. Bí òfin ti wí nìyẹn.

"Má bá Ìyá jiyàn, ọmọ mi," Bàbá wí láti orí ẹní. "Ìyá kì í ṣe èké."

Ibíwùmí yí padà láti jáde. Àtẹ́rígbà ilé náà rẹlẹ̀, ó sì ní láti bẹ̀rẹ̀. Bó ti ń bẹ̀rẹ̀, òòyì kọ́ ọ díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì ti ara mọ́ ogiri kan náà kí ó má baà ṣubú.

Ọwọ́ òsì kò jó. Ogiri náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, bí ara ọmọ tó ń sùn. Kò gbóná tó ti Olóyè. Kò tilẹ̀ tó ìdajì rẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀, orí rẹ̀ lábẹ́ àtẹ́rígbà, ó sì yé e pátápátá. Ọwọ́ èèyàn kò mọ bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ohun tó mọ̀ ni bí ooru ṣe ń wọ inú rẹ̀ tàbí bó ṣe ń jáde. Ọwọ́ tó bá ti inú yìnyín dé, omi lásán lè bó o. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò ìgbàgbé kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi kọ́ àwọn ọmọdé. Ooru náà kò ti ọ̀dọ̀ Ìyá Dúró lọ. Ọ̀dọ̀ Olóyè ló ti ń bọ̀.

Ó yẹ kí ó sọ ọ́ nígbà náà. Kò sọ ọ́. Akéde ń kéde pé láàárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó yọ, Ìyá Dúró àti ìdílé rẹ̀ yóò gba ilẹ̀kùn ńlá jáde sí Pápá. Ibíwùmí gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì kọjá láàárín èrò. Wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Ilé Olóyè ló gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ kò ó lójú. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, ọ̀rọ̀ gidi tó le. Ṣùgbọ́n Olóyè Akínpẹ̀lú ti ń retí rẹ̀. Kò jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn kan tán kí ó tó fa aṣọ ìkélé yàrá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àpótí ẹ̀rọ kan tó ń sọ omi di yìnyín ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ogiri Ìyá Dúró.

"Ohun tí ẹ̀ ń wá nìyí," Olóyè wí. "Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá yín lójú."

Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì yára gbé e kúrò. "Olóyè, ooru tí ẹ̀ ń lé kúrò nínú omi yìí kì í kú. Kò sí ohun tó ń pa ooru. Ẹ̀ ń lé e jáde nínú omi kó lè lọ sùn sílé ẹlòmíràn ni, òun àti ooru ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀."

"Ó ń sùn sára ogiri. Mo mọ̀. Ìyá Dúró náà ti ń mọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èèyàn pé ẹní òun ń gbẹ lára ogiri láìsí oòrùn." Olóyè kò gbé ohùn sókè. "Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rojọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń dùn létí."

"Ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ fún mi ní yìnyín kí ọwọ́ mi lè ṣìnà?"

"Omi ni mo fún yín, Ìyá. Omi la fi ń gba àlejò. Bí ẹ bá mu ún, kò ní í ṣe ọwọ́ yín ní nǹkan kan. Ta ló ní kí ẹ dì í mọ́ ọwọ́? Ta ló ní kí ẹ má wẹ̀ ẹ́ nínú ìkòkò?"

Òótọ́ ni ọkùnrin burúkú yìí ń sọ, kò sì sí ohun tó korò tó òótọ́ lẹ́nu èèyàn burúkú.

"Ẹ lọ sọ fún Baálẹ̀," Olóyè ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èmi á lọ sí Pápá. Ara mi le, mo ní aṣọ fàdákà tó dáa, mi ò ní í kú. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n á fi aṣọ dúdú di ọwọ́ yín títí ẹ ó fi wọ ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ á máa tẹ̀ lé yín lọ́nà, wọ́n á máa kọrin. Gbogbo ogiri tí ẹ ti fọwọ́ kàn láti ogún ọdún, wọ́n á ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ jókòó, Ìyá. Ó rẹ̀ yín."

Ó bu omi sínú igbá. Ó ju èyí tó tóbi ju ti òwúrọ̀ lọ sí i.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ó da omi náà nù. Kò dà á nù. Ó wo igbá yẹn pẹ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìwà àrífín ni kí àlejò kọ omi onílé, pé òun yóò kàn tọ́ ọ wò. Ó mu ún tán. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ó dìde láìsọ ohun tó bá wá, Olóyè sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì kí i pé ó dàárọ̀.

Láàárọ̀, ilẹ̀kùn ńlá ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí Ibíwùmí tó dé. Afẹ́fẹ́ Pápá ń wọlé láti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti gbóná, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò tíì yọ. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé ọ̀pá dání. Èrò pọ̀. Wọn kì í fẹ́ kí irú rẹ̀ fo àwọn, àwọn èèyàn dáadáa ìlú wa.

Ìyá Dúró ti fi ọ̀já pọn bàbá ọkọ rẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ. Aṣọ fàdákà kan ṣoṣo ni òfin ń fún ìdílé kan, aṣọ tó máa ń dá oòrùn padà. Ó ti fi gbogbo rẹ̀ bo Bàbá lórí. Orí tirẹ̀ ṣófo. Ọ̀nà tó lọ sí ihò tó súnmọ́ jù tí èèyàn lè sá oòrùn sí ní Pápá gbà ju òwúrọ̀ kan lọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ bí orí tó ṣófo ṣe ń rí tó bá di ọ̀sán.

"Ìyá Àtẹ́lẹwọ́," ni Baálẹ̀ wí, "ẹ wá fi òǹtẹ̀ lù ú."

Àṣà ni. Ìyá Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò gbé ọwọ́ lé iwájú orí ẹni tó ń lọ, tí yóò sì wí pé kí ooru rẹ bá ọ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Ibíwùmí súnmọ́ ọn. Ìyá Dúró kò wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé iwájú orí obìnrin náà, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó tutù fún òógùn, ó rí bí iwájú orí èèyàn ṣe ń rí. Ọwọ́ òun náà sì lọ́ bẹ́ẹ̀. Kò mọ ibi tí awọ tirẹ̀ parí sí tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó la ẹnu láti wí pé kí ooru rẹ bá ọ lọ.

"Mo lá yìnyín," ó wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Kí lẹ sọ?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Mo ní mo lá yìnyín, Baálẹ̀. Mo dì í mọ́ ọwọ́ yìí kí n tó fọwọ́ kan ogiri obìnrin yìí, mi ò sì ti ọwọ́ bọ ìkòkò, nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí akéde má mọ̀. Ogiri rẹ̀ kò gbóná. Ọwọ́ mi ló tutù. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Òun kọ́ ló ṣẹ̀, èmi ni."

"Ara Ìyá kò yá," Olóyè Akínpẹ̀lú wí láàárín èrò, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ orí ni."

"Ẹ lọ wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé rẹ̀," Ibíwùmí wí.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì lọ. Wọn kò pẹ́. Abọ́ kan ni wọ́n gbé dé, yìnyín sì wà nínú rẹ̀, ó ń yọ́, ó ń dán. Èrò sún mọ́ abọ́ náà, wọ́n tún sún mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó ti hó jù lọ lánàá na ìka, ó tọ́ ọ, ó sì fi ìka náà kan ètè. Baálẹ̀ fi ọ̀pá gbá a lọ́wọ́. Àgbàlagbà méjì tún ti na tiwọn láti òdìkejì.

"Ẹ dà á nù!" Baálẹ̀ pariwo. "Ẹ dà á nù kó tó sọ gbogbo wa di aláṣọ dúdú!"

Wọ́n dà á sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì di omi, ó sì gbẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ di Olóyè mú lápá. Baálẹ̀ ní kí Ìyá Dúró máa lọ sílé, kí ó forí jì wọ́n.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Bàbá wí láti ẹ̀yìn aya ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ aṣọ fàdákà. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Mo ní ẹ kì í ṣe èké."

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá." Ìyá Dúró wá wo Ibíwùmí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìgbà wo lẹ mọ̀, Ìyá?"

"Kí n tó jáde nílé rẹ."

"Lánàá."

"Lánàá."

"Ẹ gbọ́ nígbà tí akéde ń kéde."

"Mo gbọ́."

"Ẹ wá lọ sílé yín."

"Mo lọ sílé."

"Ṣé ẹ sùn?"

Ó rọrùn láti ní rárá. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, àánú rẹ̀ ì bá sì ṣe àwọn èèyàn díẹ̀. Ibíwùmí wo ilẹ̀.

"Mo sùn," ó wí. "Mo sùn wọra."

Ìyá Dúró mi orí bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣí aṣọ fàdákà kúrò lórí Bàbá, ó ká a dáadáa, ó sì dá a padà fún ẹ̀ṣọ́ bí ẹni dá ohun àyálò padà. Lẹ́yìn náà ó kọrí sílé. Bàbá ń kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì láti ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan dáhùn, àwọn kan kò lè dáhùn.

Ibíwùmí na ọwọ́ ọ̀tún sí akéde pé kí ó dì í. Akéde kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní aṣọ dúdú kò sí nílẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn, kí Ìyá jọ̀ọ́ dúró kí àwọn lọ wá a wá. Ó dúró. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun ká ọwọ́ náà kò tàbí kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ ní nínà níwájú gbogbo wọn, ó sì ń retí.